Ọkùnrin Tó Fi Ẹsẹ̀ Tẹ Ẹ̀yìn Mi

Kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan ló fa gbogbo wàhálà náà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìlọrin, àwọn alábẹ̀wò sì fẹ́ wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀gá àgbà wa, ẹni tí kì í rántí pé òrùlé ń jò àfi tí àlejò bá ń bọ̀, ní kí a gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ọ́fíìsì òun lè jọ ọ́fíìsì gidi. Ìwé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kò sí ẹni tó rò ó pé ó yẹ ká kọ́kọ́ kó wọn jáde. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó ń pariwo pé, "Ẹ gbé e, ẹ gbé e! Ṣé ẹ ò jẹun wá ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e, mo sì yí ara. Nǹkan já nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ ya. N kò lè nàró mọ́. Mo wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú, òógùn bò mí. Ọ̀gá àgbà wò mí, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá ní, "Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kó ha ilẹ̀."

Ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ló ń rò.

Àwọn tíṣà méjì ló gbé mi délé, lẹ́yìn Ọ̀fà Garage, níbi tí èmi àti ìyàwó mi háyà yàrá méjì sí. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwa méjèèjì. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé ìyàwó mi wá sí Ìlọrin, ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá kí mi.

Mo ti ṣàìsàn rí. Wọ́n bá mi wá kẹ́míìsì nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n fi mí sílẹ̀ fún dókítà nígbà tí wọ́n gé ojú ọgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ríro ni àrùn tí gbogbo ènìyàn ti gba oyè dókítà lé lórí. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ètè, wọ́n ní kí n dín iṣẹ́ òru kù. Wọ́n sọ ọ́ níwájú ìyàwó mi, oníkálukú wọn sì ṣe bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ náà láyé. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sì ka gbogbo ṣúgà tí mo ti fi mu tíì láti kékeré sí mi lọ́rùn. Ó gbé àgbo wá nínú ìgò kan. Mo mu ún. Gbogbo ọjọ́ kejì ni mo fi ń sáré lọ sílé ìgbẹ́, èmi tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kí n lè rìn.

Bàbá onílé wa ló tún wá burú jù, nítorí pé òun ló nífẹ̀ẹ́ mi jù. Alhaji ni, ọmọ Ìlọrin gidi, ó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba. Tí oúnjẹ bá jinná nílé rẹ̀, tiwa ń bẹ níbẹ̀. Inúure ọkùnrin yìí ló fẹ́ sọ mí di arọ.

"Tíṣà," ó ní, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, "ẹnì kan ń bẹ lọ́nà Ipata. Wàlláhì, ọwọ́ rẹ̀ ní àlùbáríkà. Bí ẹ̀yìn ṣe lè wọ́ tó, tó bá ti tò ó báyìí, ó parí. Màá pè é wá fún yín."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Alhaji, a fẹ́ kọ́kọ́ lọ sọ́sípítù."

"Ọsípítù kẹ̀? Kí ni dókítà mọ̀ nípa eegun? Oògùn ni wọ́n máa fún un."

Èmi náà gbà fún un. Ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn yan ọgbọ́n.

Atòeegun náà dé lọ́jọ́ kejì nínú agbádá funfun tí wọ́n lọ̀ títí tó fi le gan-an. Ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ dání nínú férémù, níbi tí òun àti ọ̀gágun kan ti jọ dúró. Mo wo fọ́tò náà dáadáa. Kò jọ pé ọ̀gágun náà mọ̀ pé wọ́n ń ya òun.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó mi orí. "Eegun yín kan ti ṣí kúrò láyè rẹ̀. Iṣan sì ti gun ara wọn."

"Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án," ìyàwó mi ní.

"Màdáámù, bí ẹ̀yin ṣe ń rí lẹ́tà lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ń rí eegun."

Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ó fi òrí pa mí lẹ́yìn, ìyẹn tiẹ̀ tù mí lára díẹ̀, mo sì ń rò ó pé bóyá Alhaji ló gbọ́n jù wá lọ. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tó ń bọ́ bàtà. Kí n tó béèrè ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti di irin wíńdò mú, ó sì gun orí ẹ̀yìn mi. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn kékeré. Ó ń fi gìgísẹ̀ wá ibi tó máa dúró sí, bí ẹni tó ń wá òkúta tẹ̀ nínú odò. Nígbà tó rí ibi tó ń wá, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn mi dún. Igbe tí mo ké, wọ́n gbọ́ ọ títí dé ojú títì.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ó ní. "Ó ti wọlé!"

"Alhamdulillahi!" Alhaji dáhùn.

Èmi nìkan ni n kò rí nǹkan tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrora tó ti ń jókòó jẹ́jẹ́ sí ìbàdí mi ti gba ìdí, ó gba itan, ó ti dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi kú, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yá mi lò. A ránṣẹ́ sí atòeegun. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé ká má fòyà, pé àìsàn náà ló ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ ló ń gbà lọ.

Ìyàwó mi gbọ́ èsì náà tán, kò pariwo. Ó kàn ń di gèlè rẹ̀. "Ó ti tó," ó ní. "Ẹni tó bá tún gun ọkọ mi nínú ilé yìí, èmi ni màá gun onítọ̀hún."

Ẹ̀yìn tákísì ni wọ́n tẹ́ mi sí dé ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi òòlù kékeré kan lù mí lórúnkún, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ya fọ́tò eegun ẹ̀yìn mi. Ó ní kò sí eegun tó ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín àwọn eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ló yọ síta díẹ̀, tó ń fún iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ sí fisiotẹ́rápì, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan àti oríkèé.

Ilé gígùn kan ni, lẹ́yìn ọgbà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mátíráàsì pẹlẹbẹ wà nílẹ̀, bọ́ọ̀lù ńlá kan wà níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan sì ń di irin méjì mú, ó ń kọ́ ìrìn. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n mú mi wá yìí."

Obìnrin tó ń ṣe àkóso ibẹ̀ gbọ́ mi. Ọmọ Ìlọrin ni, ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀, ìbòrí rẹ̀ bò ó dé èjìká. Kì í rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ rò pé ẹ wá ṣe níbí?" ó bi mí.

"Kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ ni, mà."

"Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn dà?"



Ó ní kí n dojú bolẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ bọ́ bàtà. Kò bọ́ ọ. Ó ní kí n mí, kí n sì sinmi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi ìgúnpá gbé àyà sókè, kí ìdí mi wà nílẹ̀. Ó dùn mí.

"Níbo ló ti ń dùn yín?"

"Ẹ̀yìn."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Mo fetí sí ẹsẹ̀ mi. Ìrora ibẹ̀ ti dín kù, ó ti padà sí itan. Mo sọ fún un.

"Ó dáa," ó ní. "Tó bá ń kúrò lẹ́sẹ̀ bọ̀ sẹ́yìn, ilé ló ń lọ. Tó bá tún ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀, ẹ dúró, ẹ wá sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ máa wo ara yín sàn, Tíṣà. Èmi kò ní í tẹ̀ lé yín lọ sílé."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, bí mo ṣe máa ká táwẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn tí mo bá jókòó, bí mo ṣe máa fi orúnkún bẹ̀rẹ̀ dípò ẹ̀yìn. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sùn kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, pé rírìn ni oògùn. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń tan iná pupa tí ń mú ẹ̀yìn gbóná, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kì í sábà wà. Tí àwọn aláìsàn bá ń ṣàròyé ẹ̀rọ náà, á ní, "Ẹ jáde síta, oòrùn ń bẹ níbẹ̀."

Ní ilé, mo di eré ìwòran. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dojú bolẹ̀ ní pálọ̀, tí mò ń gbé àyà sókè, tí mò ń sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ará ilé á wá yọjú lójú wíńdò. Ẹnì kan ní mo ń ṣe bí alángbá. Alhaji dúró, ó wò mí títí, àánú mi ṣe é.

"Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ń sanwó oṣù fún ènìyàn láti máa kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń jókòó?"

"Òótọ́ ni, Alhaji."

"Subhanallahi," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tí wọ́n fún mi ní àgbo, tí wọ́n jẹ́ kí odindi ọkùnrin dúró lórí ẹ̀yìn mi, àwọn náà ló ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń fi ara mi ṣeré. Ṣùgbọ́n ìrora ti kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó ti kúrò nítan. Mo ti ń rìn lọ dé garaji, mo sì ń rìn padà.

Lọ́jọ́ kan, mo dé fisiotẹ́rápì, mo ń dúró kó kàn mí. Lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹnì kan ń kérora. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà tó ní, "Ẹ mí. Ẹ fi ìgúnpá gbé àyà sókè." Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Yéè, mà, ẹ rọra, ẹ fojú àánú wò mí." Mo mọ ohùn yẹn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ kọ́tìnì, mo sì rí i: atòeegun wa ló dojú bolẹ̀ gbalaja, òun náà ń gbé àyà sókè bí alángbá.

Ó rí mi. Ó fa fìlà bojú.

Nígbà tó jáde, ó dúró dè mí lábẹ́ igi, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. "Tíṣà mi," ó ní, "ẹ̀bi mi kọ́ o. Ènìyàn kan tó sanra ni mo fẹ́ tò, ló bá yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yìn mi sì já. Ẹ bò mí láṣìírí."

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ bá atòeegun mìíràn?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Àwọn yẹn? Kí ni wọ́n mọ̀?"

N kò bò ó láṣìírí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo sọ ọ́ lójúde, Alhaji wà níbẹ̀, gbogbo ará ilé wà níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Alhaji kàn mi orí, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ìgbéraga.

"Ẹ ẹ̀ rí i? Mo sọ fún yín! Wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é lọ sọ́sípítù báyìí láti lọ kọ́ àwọn dókítà."

"Alhaji, ó dojú bolẹ̀ ni. Ó ń sunkún."

"Ó ń ṣe é kí wọ́n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni."

Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ipata. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù atòeegun kọjá, mo rí i pé ó ti tún pátákó rẹ̀ kùn: àwòrán òun fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú dókítà kan tó wọ aṣọ funfun, tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dúró, mo wò wọ́n lórí bẹ́ńṣì níbi tí wọ́n tẹ̀ba sí, mo pòṣé, mo bá ọ̀nà mi lọ. Tí mo bá sọ fún wọn, ta ni ìbá gbọ́?

Èmi padà sílé ẹ̀kọ́ kí táàmù tó parí. Obìnrin náà kò kí mi kú oríire lọ́jọ́ tó ní kí n má wá mọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má jẹ́ kí n tún rí yín níbí."

Ó sì tún rí mi, ṣùgbọ́n Ọjà-Ọba ni, níbi tí ìyàwó mi ti ra ìrẹsì tó ní kí n bá òun gbé. Mo ti fi orúnkún bẹ̀rẹ̀ bó ṣe kọ́ mi, mo gbé àpò náà, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Mo gbójú sókè, òun ló dúró níwájú mi, agbọ̀n ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí i tayọ̀tayọ̀.  Àpò ìrẹsì ló ń wò.

"Ó jìnnà sí yín jù," ó ní. "Ẹ fà á mọ́ àyà."

Mo fà á mọ́ àyà. Ó mi orí, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn aláta.