Ẹkùn Inú Lẹ́tà Bàbá Fọlá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìpele, irọ́ mi ga ju ọ̀pẹ lọ. Bí mo bá pa aláǹgbá, kí n tó délé, ó ti di ọ̀nì. Ìyá mi á gbá mi létí, á ní, "Ẹnu yìí á kó bá ẹni ẹlẹ́ni lọ́jọ́ kan." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó kó bá ẹni ẹlẹ́ni.

Bàbá Fọlá, aládùúgbò wa, ń ṣe lébìrà ọ̀nà fún káńsù. Bárò tó kún fún òkúta dojú dé e lẹ́sẹ̀, ó fọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá wọn ní kó tètè kọ̀wé sí akọ̀wé káńsù. Bí lọ́yà wọn bá rí i pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣèṣe, wọn á fi í ṣọ́ géètì, á máa jókòó ṣiṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Èmi ọmọ Sítáńdáàdì Kẹta ni akọ̀wé àdúgbò. Bàbá Fọlá sunṣu fún mi, ó da epo sí i, ó ní, "Akọ̀wé mi, kọ ọ́ kó yé wọn o."

Bárò lásán! Ta ni yóò káàánú ẹni tí bárò ṣubú lù? Mo bá fi ẹkùn kan sí i, ó fò jáde nínú igbó, òun àti Bàbá Fọlá jà títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí mo ń kà á fún un, mo fo ibi tí ẹkùn wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ka.

Ọjọ́ tí wọ́n pè é sí ọ́fíìsì káńsù ní Ọ̀wọ̀, èmi ni mo sìn ín lọ. Akọ̀wé káńsù ka lẹ́tà náà síta lójú gbogbo lébìrà. Ẹ̀rín sọ.

Lébìrà kan ní, "Bàbá Fọlá, ẹkùn náà ńkọ́? Ṣé ó ti rí iṣẹ́ tirẹ̀?"

Akọ̀wé káńsù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá wọn kọ bárò sínú ìwé tirẹ̀, lẹ́tà kọ ẹkùn. Lọ́yà ní káńsù kò lè gba ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu gbọ́. Akọ̀wé káńsù wá béèrè pé, "Ta ló kọ eléyìí?"

Èmi ẹlẹ́nu sá pamọ́ sẹ́yìn lébìrà kan. Bàbá Fọlá wò mí. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Oko ló padà sí, ó ń tiro. Títí ó fi kú, "akọ̀wé mi" ló ń pè mí. Kò sọ fún ìyá mi rí.

Lóde òní, bí òṣìṣẹ́ bá ṣèṣe, fóònù ni wọ́n fi ń ya fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù á béèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ṣojú ẹ̀. Kò sáyè ẹkùn níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń ní kí n pìtàn, mo sì ń parọ́ fún wọn dáadáa. Àfi bí wọ́n bá ní, "Bàbá àgbà, ẹ pa ti ẹkùn," ni mo máa ń sọ pé n kò rí ẹkùn rí láyé mi.

Òtítọ́ ni. Ó kàn pẹ́ kí n tó sọ ọ́ ni.