Bomubómu Ẹ̀gbẹ́ Ibojì

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí tó kórìíra koríko, Felicia ni. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ni àgbàlá rẹ̀ ti ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kó tó gbàdúrà òwúrọ̀ pàápàá, ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dì mú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tí wọ́n sì sin ín síwájú ilé, ibojì náà di ara ibi tó ń gbá.

Lọ́dún yìí, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Òjò dé, kò lè bẹ̀rẹ̀, koríko sì gba àgbàlá. Felicia kọ́kọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bínú. Nígbà tó yá, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń já lóko nìyẹn, odú nìyí, àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ sì ń jà lórí èso koríko. Bomubómu kan hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, àwọn kòkòrò abilà sì ń jẹ ewé rẹ̀ tìtaratìtara. Ọ̀kan nínú wọn so ara rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ ewé, ó di nǹkan róbótó kan tó ní àmì wúrà lára. Felicia bi gbogbo ẹni tó bá yà. Àwọn kan ní labalábá ni yóò dà, àwọn kan ní ó ti kú ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìrántí ọkọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn ará ìjọ Áńgílíkà yóò wá gbàdúrà níbi ibojì. Ọládọ̀tun, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ni àṣẹ lórí ibẹ̀, òun ló sì máa ń wá ṣán an kí ọjọ́ ìrántí tó pé. Opó tí igbó bá bo ibojì ọkọ rẹ̀, ẹnu ayé lẹbọ. Felicia ò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìbìkítà, kò sì fẹ́ kí wọ́n gé nǹkan náà kí òun tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọládọ̀tun gun ọ̀kadà dé ní Sátidé. Ó ṣán àgbàlá títí ó fi kan bomubómu.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," Felicia bẹ̀ ẹ́.

"Ùyàwó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ubojì? Kí ló wà ńbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn."

Ọládọ̀tun lóṣòó, ó wò ó pẹ́. Ó gbé àdá rẹ̀, ó fi bomubómu náà sílẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sunday, bí wọ́n ti ṣàmín tán, Christiana, olórí àwọn obìnrin ìjọ, tọ́ka síbẹ̀.

"Ta ló fi igbó ti olóògbé báyìí?"

Ojú ti Felicia, ó sorí kodò.

"Èmi ni," Ọládọ̀tun dáhùn. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó ni òkú ló sọ̀rọ̀ yẹn, Christiana sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Inú Felicia dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Monday, Ọládọ̀tun já wọ àgbàlá.

"Ṣé ó ti jáde?"

Felicia kàn nàka. Labalábá kan rọ̀ sábẹ́ ewé, ó pọ́n bí ọsàn, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Àwọn méjèèjì dúró, wọn ò mira. Ó fò lọ tán kí Ọládọ̀tun tó rántí pé òun ò tíì kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun.