Ìbọ̀wọ́ Òsì Tó Wà Lára Ìṣó

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sítáàṣì. Alágbàfọ̀ ni, aṣọ funfun nìkan ló sì máa ń gbà. Bó bá ti fi sítáàṣì sí kọ́là, tó sì lọ̀ ọ́, àwọn ènìyàn a ní kọ́là náà lè dá rìn lọ síbi iṣẹ́ kí ẹni tó ni ín tó jí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé, nítorí ilé rẹ̀ sún mọ́ ilé ìwé mi. Ohun tí mò ń kọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, òun ló máa ń fọ aṣọ, Ìyá a sì máa lọ̀ ọ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá. Ọṣẹ líle máa ń bó o lọ́wọ́, nítorí náà ó máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní kókó wẹ́wẹ́, kí aṣọ má baà máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ti ọ̀tún ti ya tipẹ́. Nígbà tí Bàbá kú, Ìyá fi ti òsì kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilé, lókè àpótí tí Bàbá máa ń jókòó lé, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Wọn kò bímọ. Ajá ni Bàbá fi sílẹ̀, ajá pupa rẹ́súrẹ́sú tí irun rẹ̀ kúrú bí ti búrọ́ọ̀ṣì bàtà. Mábínú ni Bàbá sọ ọ́. Ó ní ẹni tí irun ajá bá lẹ̀ mọ́ láṣọ, bó bá fẹ́ pe ajá náà láti bá a wí, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn ikú Bàbá, irun Mábínú wá ń re bí ewé. Irun gígùn ṣeé ṣà lára aṣọ. Kúkúrú ló burú, ńṣe ló ń gún aṣọ wọlé bí abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tó ń kó aṣọ gbogbo ilé ìwòsàn wọn wá fún Ìyá, yọ ẹyọ kan lára kọ́là, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ìyá Sítáàṣì, ènìyàn là ń tọ́jú lọ́dọ̀ tiwa o, a kì í tọ́jú ajá."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi."

Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó dìde, ó ń jùrù.

"Ta ló pè ọ́?" Ọ̀gá nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ẹ gbọ́, bí mo bá tún rí ẹyọ kan péré ní Sátidé, mo ń kó aṣọ wa lọ nìyẹn. Ẹ yan ọ̀kan: ajá àbí iṣẹ́."

Onípákó tó wà nípẹ̀kun àdúgbò ti ń tọrọ ajá náà tipẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ṣéènì ni yóò fi so ó mọ́ ìdí pákó tọ̀sán-tòru. Ìyá ní kó wá ní Sátidé, bó bá di dandan. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó ní, "Kí ló tún kù nílé yìí tó mọ ohùn ọkọ mi, bí kì í bá ṣe Mábínú?"

Lọ́jọ́ kejì, a lọ ra búrọ́ọ̀ṣì irun ajá ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ ajá. Dókítà Ajá ni wọ́n ń pè é, kò sì kàwé dókítà kankan.

"Irun ẹ̀ gùn àbí ó kúrú?" ló bi Ìyá.

"Ó kúrú. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lára."

"Irun múlọ́múlọ́ bí òwú ò sí lábẹ́ ẹ̀?"

"Kò sí."

"Rọ́bà ni kẹ́ ẹ mú nígbà yẹn. Onírin yìí, ti onírun gígùn ni. Èyí tó dà bí abẹ yìí, ti ajá tó ní òwú lábẹ́ irun ni. Bẹ́ ẹ bá fi ha tiyín, awọ lẹ máa bá lọ́wọ́."

Ìyá tẹ búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà náà wò, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. "Kò léyín. Kí laláìléyín fẹ́ jẹ?"

"Ìyá, ọmọ tuntun náà ò léyín, ẹ ò rí bó ṣe ń fa ọmú ni?"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú onírin, ó fi gbo etí ìró rẹ̀, bó ṣe máa ń dán gbogbo nǹkan wò. Gbogbo ìdọ̀tí ara ìró náà bá a lọ. Ó ní, "Èyí ló mọṣẹ́."

Ojú alágbàfọ̀ ló fi yàn án. Aṣọ kì í ké. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi fà á lẹ́yìn Mábínú, ajá náà han, ilà pupa sì yọ lára rẹ̀. Ó sá wọ abẹ́ tábìlì, láti ọjọ́ náà kò sì jẹ́ kí ọwọ́ Ìyá kan òun mọ́. Ìyá ju búrọ́ọ̀ṣì náà nù. Ó jókòó ti áyọ́ọ̀nù títí tó fi tutù.

"Bàbá kò ṣe é léṣe rí," ni gbogbo ohun tó sọ.

A wá so ajá mọ́ ẹ̀yìn ilé, jìnnà sí okùn aṣọ. Síbẹ̀ irun kò dẹ́kun lórí aṣọ tútù. Ẹnikẹ́ni kò kàn án, kò sì fi ara ha nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjèèjì tí mo ti ilé ìwé dé, mo rí òkìtì irun kékeré nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Bàbá, ó jọ èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ kó jọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ sórí aṣọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, oòrùn ń kúrò lára ògiri, Ìyá sì pè mí jẹ́jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Wá. Má ṣe sọ̀rọ̀."

Mábínú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó dijú. Ó fara ti nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó fara tì. Bó ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó, ó yẹ kó ti ṣubú. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí róbótó róbótó, lẹ́yìn náà ó ń sún láti ọrùn lọ síbi ìrù, irun sì ń já bọ́. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Aṣọ tó wà lórí okùn kò mira.

"O rí i?"

"Mo rí i, mà."

"Yíyí lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà sísàlẹ̀." Ó fi ìka yà á sínú afẹ́fẹ́. "Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, bó bá fọṣọ tán. Mo rò pé ńṣe ló kàn ń bá a ṣeré."

Ó lọ síbi ìṣó. Eruku ti bo ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ náà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́, irun pupa tuntun sì há sáàárín àwọn kókó rọ́bà náà. Ìyá ki ọwọ́ òsì bọ inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bọ́ ọ, ó sì gbé e fún mi kí n fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Ó tún un wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò dán an wò lára aṣọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ló fi gbo. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá.

"Bàbá, ẹ sún fún mi díẹ̀."

Mábínú nàró lójijì, bí ẹni tí wọ́n yọ ìrọ̀rí lẹ́yìn rẹ̀. Ó la ojú, ó wo Ìyá. Mo rò pé yóò sá. Ìyá gbé ọwọ́ òsì tí kò mọ̀ ọ́n lò lé e lọ́rùn, ó yí i róbótó, ajá náà sì mí kanlẹ̀, ó fara tì í. Irun jáde wẹ́rẹ́ láìdun ajá náà. A fi ìwé ìròyìn dì í kí afẹ́fẹ́ tó rí i. Lọ́jọ́ kejì a tún gbogbo aṣọ nọ́ọ̀sì fọ̀.

Ní Sátidé, ọ̀gá nọ́ọ̀sì tú kọ́là wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka ra apá aṣọ, ó tún gbé e síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ ti gbé ajá ọ̀hún fún ẹlòmíràn nìyẹn?"

"Òun ló jókòó ti bàtà yín yẹn, mà."

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Mábínú, mo tọrọ àforíjì."

Onípákó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣéènì. Ìyá ní kó lọ fi so pákó rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí a bá ti ká aṣọ kúrò lórí okùn ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá a wọ ìbọ̀wọ́ náà, a sì tọ́jú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Mábínú nìkan, a fi ti òsì sílẹ̀. Bó bá ṣe tán, a fi ìbọ̀wọ́ kọ́ padà sára ìṣó, a wọlé, a sì ti ilẹ̀kùn. Ajá a yí padà, a fara ti ìhà kejì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo máa ń lọ fi ìwé ìròyìn kó irun náà. Òkìtì méjì ni mo máa ń bá.