Ibi Tí Dùùrù Ti Dákẹ́

Ní ìlú Svendborg, kò sí ẹni tó ń lọ wo sinimá tí kò mọ Dagny Rosenlund. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti bá òkun lọ ló ti ń tẹ dùùrù lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń fi àwòrán hàn. Fíìmù ìgbà náà kò lóhùn. Bí ẹṣin bá ń sáré, ìka Dagny á sáré. Bí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀, á bá wọn sunkún.

Fíìmù kan wá dé láti Copenhagen, nípa ìyá tí wọ́n dájọ́ ikú fún ọmọ rẹ̀. Holger Brask tó darí rẹ̀ bá a wá fúnra rẹ̀. Kì í jẹ́ kí òṣèré rẹ̀ kun àtíkè. Ojú gidi ló fẹ́, kí ó sì kún aṣọ funfun náà láti etí dé etí.

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá," ó sọ fún Dagny, "tí obìnrin inú fíìmù yìí bá ti gbọ́ ìdájọ́, ẹ má fọwọ́ kan dùùrù. Ojú rẹ̀ ti tó."

Kjeldgaard tó ni ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kò sí ìdákẹ́jẹ́ nílé àwọn tó ń sanwó wá wòran ni? Ìyáàfin Rosenlund, orin ìsìnkú ni kẹ́ ẹ tẹ̀ níbẹ̀, àbí iṣẹ́ ti sú yín?"

Dagny rántí ọjọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún un: àlùfáà ń kọrin, àwọn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ ìtùnú, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó gbọ́ ìbànújẹ́ ara rẹ̀.

Ní Sátidé, bí ojú ìyá inú fíìmù náà ṣe yọ lẹ́yìn ìdájọ́, Dagny pa ìdérí dùùrù dé. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Kjeldgaard yọ́ wá. "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Wọ́n á rò pé ó bàjẹ́!"

"Kò bàjẹ́," Dagny dáhùn, ohùn rẹ̀ dé ìjókòó ẹ̀yìn. "Èmi ni mi ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ kúrò níwájú àwọn èèyàn, ọ̀gá."

"Jókòó jàre!" apẹja kan pariwo mọ́ Kjeldgaard.

Nígbà tí èrò tú, Kjeldgaard dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la."

"Màá wá." Dagny dé fìlà rẹ̀. "Màá ra tíkẹ́ẹ̀tì, màá sì jókòó láàárín gbùngbùn. Láti gbogbo ọjọ́ yìí wá, abẹ́ àgbọ̀n àwọn òṣèré nìkan ni mò ń rí. Mo fẹ́ wo ojú obìnrin yẹn dáadáa. Kẹ́ ẹ kìlọ̀ fún ẹni tẹ́ ẹ bá gbà sípò mi o: tó bá tẹ dùùrù níbẹ̀, màá dìde lọ pa ìdérí rẹ̀ dé."