Itọ́ Mi Gbé Mi Dé Òkòkòmáìkò

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán ní Abẹ́òkúta ni mo gbé báàgì mi jáde, kí ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì, tó ti mọ́ṣáláṣí dé wá dá mi dúró.

Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ló fà á. Nígbà tó wálé, ó ní kí n tutọ́ sínú ike kékeré kan fún àyẹ̀wò DNA, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí èèyàn bá tan. Èsì ní mo ní mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ mi gan-an ní Òkòkòmáìkò, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀nàmí. Làmídì ni orúkọ bàbá rẹ̀. Làmídì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó bínú kúrò nílé kí wọ́n tó bí wa. Wọ́n ní odò ló gbé e lọ, ọdọọdún la sì ń ṣe sàráà fún un. Mo pe Sẹ̀nàmí. Kò sọ ju pé kí n máa bọ̀ lọ.

"Ilé bàbá wa àgbà ló ń wá," Àlàájì ti kìlọ̀ fún mi nígbà tó gbọ́. "Wọ́n á ní ká pín in."

Mo wọ mọ́tò dé Sàngó, mo wọ òmíràn gba Ìgàndó lọ sí Ìbà. Ní Ìbà, ara ògiri ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé yàrá wà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní àdúgbò tiwa, pé ilé yìí kì í ṣe títà la máa ń kọ. Ní Ìyànà Ìbà, ọlọ́kadà pe ẹgbẹ̀rún kan náírà.

"Ṣé Kútọnu lo fẹ́ gbé mi lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ilé alájà mẹ́ta ló já mi sí. Sẹ̀nàmí dúró lẹ́nu géètì, lọ́yà kan tó wọ táì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú bàbá mi gan-an ló wà lójú obìnrin náà.

"Mì kúabọ̀!" ló fi kí mi. Èdè Ẹ̀gùn, èdè ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kú àbọ̀ náà sì ni.

Kí n tó wọlé, lọ́yà ti wúkọ́. "Màámi, ilé yìí ò ṣe é pín o."

Ẹ̀rín pa mí. "Èmi náà, torí ilé tiwa ni wọ́n ṣe ní kí n má wá!"

Sẹ̀nàmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wá ní kó mú mi dé sàréè bàbá rẹ̀, kí n ṣe àdúà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Sàréè kẹ̀? Wọ́n ń jẹun ní pálọ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá arúgbó náà. Mo ṣàlàyé tẹ̀rùtẹ̀rù. Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Sàráà? Fún èmi? Kí lẹ ń pa?"

"Ewúrẹ́ ni, sà."

"Lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún, sà."

"Ẹ wá ń jẹ ẹ́ tán, ẹ ò fi itan kan ránṣẹ́ sí mi!"

Lẹ́yìn náà, ohùn wọn rẹlẹ̀. "Bàbá mi ní tí mo bá fẹ́ Ẹ̀gùn, kí n má wálé mọ́. Mo rò pé ẹnì kan á wá pè mí. Ẹnikẹ́ni ò wá." Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní kí n jẹun, ọbẹ̀ ń tutù.

Nínú mọ́tò tí mò ń bá bọ̀, mo rí i pé ẹni tó bínú jáde nílé kì í sábà jìnnà. Ẹni tí yóò lọ pè é ló máa ń wọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Àlàájì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bọ́ bàtà. "Kí ni wọ́n ní?"

Mo tẹ nọ́ńbà Sẹ̀nàmí, mo gbé fóònù lé tábìlì, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Ohùn arúgbó kan ní hẹ́lò.

"Ta ní ń sọ̀rọ̀?" Àlàájì jágbe.

"Èmi Làmídì ni. Ṣé báyìí ni wọ́n ń kí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni?"

Àlàájì, tó ń fi ọ̀pá rìn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí síméńtì níwájú fóònù. "Ẹ má bínú, sà," ó ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ wálé."