Ìrẹsì Ló Rù Lọ Sógun

Wàá rántí bí Bajúláyé, títì àwọn atẹ̀wé, ṣe máa ń rùn nígbà yẹn: yíǹkì, bébà tuntun, àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, ẹnu gbogbo wa là, ara wa sì yá. Tíṣà ìtàn ni mí ní Bàrígà. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, mo sì gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé kan níbẹ̀. Orúkọ mi ló wà níwájú ìwé náà gàdàgbà. Mo kàn ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín ni.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń bá wọn di ìwé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ yá. Sójà ni wọ́n ń pè é, ẹ̀fẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe, torí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó lọ sógun Hítílà ní Bọ́mà, kò sì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbàwé mi, ó ń ká bébà ìwé náà lọ́wọ́, ló bá dúró lójú ewé tí mo ti sọ̀rọ̀ ogun yẹn.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé àwọn tó láyà jù ló borí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Àwọn tá a bá jà láyà jù wá lọ."

Ó ní nínú igbó Bọ́mà yẹn, kò sí títì, òjò kì í dá. Bàálù ló ń ju ìrẹsì sílẹ̀ látòkè, lábẹ́ ohun tó rí bí agboòrùn ńlá, àwọn á sì rù ú gun òkè lọ bá àwọn tó ń jà. Láràárọ̀, wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á fún wọn ní oògùn ibà, ọ̀gá á tún yẹ ẹnu wọn wò bóyá wọ́n gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dé ibi tí àwọn ọ̀tá sá kúrò. Ọta kún inú ìbọn tí àwọn ọ̀tá náà fi sílẹ̀, àmọ́ hóró ìrẹsì kan ò sí nínú àpò wọn. Koríko ni wọ́n ń sè jẹ.

"Ebi ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun wọn, Tíṣà. Ibà tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn nìbọn wa tó dé."

Inú kọ́kọ́ bí mi, kí n má parọ́. Ìwé ti jáde tán! Àmọ́ mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mo bá ní kí wọ́n yọ ojú ewé yẹn. Ọ̀gá atẹ̀wé figbe ta: "Ẹ ò rí wàhálà! Bébà mi ńkọ́?" Bàbá ní òun fúnra òun á fi gọ́ọ̀mù lẹ tuntun mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo pè é wá sí kíláàsì mi. Ó lọ ṣòkòtò kakí rẹ̀ débi pé ó lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan bi í pé, "Bàbá, ẹni mélòó lẹ pa?"

"N ò pa ẹnì kankan. Ìrẹsì ni mo rù."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí fún un. Òun ò bínú o; ó gbé páálí ìwé kan ka orí ẹni tó sígbọnlẹ̀ jù nínú wọn, ó ní kó yí kíláàsì po láìfọwọ́ dì í mú. Ọmọ náà ò rìn dé ojú fèrèsé tí páálí fi já bọ́. Bàbá bá gbé e ru, ó ń ju apá méjèèjì, ó yí wa po lẹ́ẹ̀mẹta. Orí bẹ́ǹṣì làwọn ọmọ náà gùn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi láti Fọlá Àgòrò. "Tíṣà, kí lẹ ṣe fún bàbá wa? Kò sọ̀rọ̀ ogun yìí fún wa rí. Ní báyìí, a ò lè pa á lẹ́nu mọ́ mọ́."

Mo ti kọ́ àìmọye ọmọ ní ìtàn ogun yẹn látìgbà náà. Mo ń sọ ti ọkọ̀ ojú omi, ilé iṣẹ́, epo, àti ọ̀rẹ́ tí orílẹ̀-èdè kan ń bá òmíràn ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ báyìí pé ẹnì kan ṣẹ́gun, ì báà jẹ́ ogun, ì báà jẹ́ ìbò, mi ò kì í kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò, kí n lè rí ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.