Bí Mo Ṣe Gba Iṣẹ́ Captain Láìmọ Ọkọ̀ Wà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti parọ́. Ọjọ́ Tuesday kan ni, ẹrẹ̀ kún bàtà mi, Mummy mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n wo bàtà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

Ó yẹ kí n wà ní lecture. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti fi yunifásítì sílẹ̀, mi ò sì tíì sọ fún ẹnì kankan. Láràárọ̀ mo máa ń gbé báàgì kọ́ èjìká bí ọmọ gidi, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich ní London níbí, màá wọ ferry kọjá sí òdìkejì odò, màá tún wọ̀ ọ́ padà. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń kí mi bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Tó bá sú mi, màá wá jókòó sétí adágún tó wà ní Thamesmead, ládùúgbò wa, màá máa wo pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ yẹn gan-an mọ ibi tí wọ́n ń lọ jù mí lọ.

Mo ní, "Mummy, a lọ kọ́ ọkọ̀ ojú omi ni. School wa ní club létí adágún."

"Irú ọkọ̀ wo?"

"Èyí tó ní ìgbòkun. Afẹ́fẹ́ ló máa ń gbé e lọ."

Inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé ẹrẹ̀ tó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mi ò rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tá a ti dé ìlú yìí. Ìyẹn ló kó bá mi. Irọ́ tí kò bá mú inú ẹnikẹ́ni dùn, èèyàn lè jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Carer ni Mummy mi, wọ́n ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ méjì. Auntie Nọ́ọ̀sì háyà yàrá kan ní Arsenal, àdúgbò etí odò kan ní Woolwich, wọ́n máa ń wo odò láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Auntie Òkè ń gbé ní ilé tó wà lókè tiwa gan-an ní Thamesmead East. Carer ni Auntie Òkè náà, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, kò sì sẹ́ni tó gba holiday gidi nínú wọn láti ọdún mẹ́ta.

Auntie Òkè ló rí fídíò yẹn. Àwọn obìnrin kan ni, wọ́n nà gbalaja sínú ọkọ̀ létíkun Turkey, omi náà mọ́ bíi dígí. Ọkọ̀ á dúró ní èbúté kékeré kan, wọn á jẹun, wọn á sùn, tó bá wù wọ́n wọn á tún ṣí lọ sí òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń sáré. Auntie Òkè fi fídíò náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí àwọn yòókù fi ní ó tó, àwọn gbà láti lọ.

"Ọjọ́ méje," Auntie Òkè ní, "tí ẹnì kankan ò ní tẹ bell pè mí."

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò rẹ̀, torí pé èmi ni ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà. Mo kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tó dáa kan, tòun ti captain rẹ̀. Mo fi fóònù hàn wọ́n ní pálọ̀ wa.

Auntie Nọ́ọ̀sì ní, "Captain yẹn, ṣé ọkùnrin ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ma."

"Níbo ló ń sùn?"

"Inú ọkọ̀ náà ni ma."

Auntie Nọ́ọ̀sì gbé ife tíì wọn kalẹ̀. "Èmi, ìyàwó oníyàwó, kí ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí máa hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójú omi? Tí mo bá fẹ́ ró ìró nìkan jáde láàárọ̀ ńkọ́?"

"Á máa wò yín," ni Auntie Òkè sọ.

"Ṣé kò ní wo ìwọ náà ni?"

"Kí lẹ tiẹ̀ ń wá captain kiri fún?" Mummy mi ló sọ̀rọ̀ báyìí. "Kí lẹ rò pé ọmọ yìí ń kọ́ létí adágún?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí mi. Mo la ẹnu kí n sọ òótọ́, mo fi Ọlọ́run búra. Ohun tó jáde ni, "Kò le ṣá."

Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ mi di Captain.

Mo wá ọkọ̀ tí kò ní captain, mo rí i. Lórí fọ́ọ̀mù wọ́n bi mí bóyá ẹni tó máa wà á ní ìwé ẹ̀rí. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò ó pé oṣù mẹ́rin ló kù; kí ni ọmọ tó gbọ́n ò lè kọ́ ní oṣù mẹ́rin? Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ pé mi ò kí ń ṣe ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n mo lọ forúkọ sílẹ̀ létí adágún ní tòótọ́. Ọjọ́ kìíní, ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun yí bìrí, ó gbá mi létí. Ọjọ́ kejì, mo ṣubú sómi. Mo kígbe, mo pe Jésù, mo pe Mummy mi. Ìyá àgbà òyìnbó kan tá a jọ ń kọ́ ọ, tí orúnkún ń dùn, tẹjú mọ́ mi láti inú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Stand up, darling." Mo dìde. Ìdí ni omi mọ.

Mi ò padà lọ mọ́. Èmi tó sá ní yunifásítì, mo tún sá níbi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń gba àárín kíláàsì kọjá.

Nǹkan tó wá ń dẹ́rù bà mí ni bí gbogbo nǹkan ṣe ń lọ geere. Gbogbo ẹni tó bá mọ àwa èèyàn wa mọ̀ pé ìrìn àjò wa kì í ṣàìní ìdíwọ́. Ẹnì kan á sọ passport rẹ̀ nù, ọ̀gá ẹnì kan á ní kò sí leave. Mo gbára lé e. Ṣùgbọ́n físà Turkey wa jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan. Manager Auntie Nọ́ọ̀sì, tí kì í fún èèyàn ní leave lọ síbi ìsìnkú, ní kí wọ́n lọ gbádùn ara wọn. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo retí kó tì, ló ń ṣí gbayawu. Mummy mi ra fìlà koríko tó fẹ̀ bí agbòòrùn, wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a pàdé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Mo kà nípa afẹ́fẹ́ kan tó máa ń jà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, meltem ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní kì í fi òjò ṣe àmì, kì í fi ìkuukùu ṣe àmì; ojú ọ̀run á mọ́ kedere, oòrùn á máa ràn, òun á sì máa bọ̀. Látìgbà náà ni mi ò lè gbọ́ kí fèrèsé mì kí ara mi má bù máṣọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ti apá Crossness wá, òórùn ibi tí wọ́n ti ń fọ ìgbẹ́ London á wọlé tọ̀ wá. Tẹ́lẹ̀ mo kàn máa ń dímú. Ní báyìí, tó bá ti ta sí mi nímú, màá ti mọ̀: afẹ́fẹ́ ti yí padà nìyẹn, tí èmi bá sì wà lójú omi, mi ò ní mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ọjọ́ kan ni Auntie Òkè dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀.

"Captain, jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ. Má sọ fún àwọn Mummy ẹ o. Mi ò mọ̀wẹ̀. Omi ló gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ, ojú mi ló ṣe. Láti kékeré mi ò kí ń fẹsẹ̀ kàn án."

Mo ní, "Auntie, kí ló dé tẹ́ ẹ wá fẹ́ lọ?"

"Torí ìwọ ni. Ká ní àjèjì ló fẹ́ wà á ni, mi ò ní dán an wò láé. Àmọ́ ọmọ tí mo mọ̀, tó lọ kọ́ ọ..." Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n gòkè lọ. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn títí iná rẹ̀ fi kú fúnra rẹ̀.

Ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú láti dá a dúró. Mo gbìyànjú o, ní ọ̀nà ojo. Mo ní, ṣé kò ní dáa ká sún un di ọdún tó ń bọ̀? Auntie Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀mí ìdádúró ti ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, ọwọ́ mẹ́fà, wọ́n gbàdúrà títí ọrùn mi fi wọ inú. Bí mo bá ṣe ń fà sẹ́yìn ni wọ́n ń rí i pé ọ̀tá ò fẹ́ ká lọ, ọ̀rọ̀ náà á sì tún wá le sí i.

Mo wá ronú kan àlá. Nílé wa, àlá lágbára ju lẹ́tà dókítà lọ. Ọ̀sán Sunday kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ń jẹun. Mo jáde, mo mú ojú mi bíi ti ẹni tí kò sùn.

"Mo lálàá."

Gbogbo wọn gbé ṣíbí dúró.

"Mo rí yín lójú omi, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣọ funfun lẹ wọ̀. Ẹ ò sọ̀rọ̀. Mo ń pè yín, ẹ ò dá mi lóhùn." Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀yìn mi tutù. Mo rí wọn lóòótọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Ni Auntie Òkè bá rọra béèrè, "Omi yẹn, ṣé ó mọ́ ni àbí ó dọ̀tí?"

Mi ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Èmi rò pé kí àlá náà lè jọ Turkey, omi inú fídíò ló yẹ kó jẹ́. Mo ní, "Ó mọ́ gaara ma. Èèyàn lè rí ìsàlẹ̀."

"Halleluyah!" Auntie Òkè ti dìde. Aṣọ funfun! Omi tó mọ́! Àwọn angẹli ti ṣáájú lọ! Mummy mi bú sẹ́kún ayọ̀. Omi tó bá dọ̀tí lójú àlá ló burú, gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ló mọ̀. Ẹ sì tún wo ọpọlọ mi: èmi tí wọ́n ti ń wọ sùtánà funfun fún láti ìgbà tí mi ò tíì hu eyín, mo fẹ́ fi aṣọ funfun dẹ́rù ba àwọn aláṣọ funfun. Wọ́n kéde àwẹ̀ ọpẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà gbà á, àfi chips tí mo ń jẹ lórí ferry.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ nígbà tí Mummy mi rí pátákó kan létí adágún pé lọ́jọ́ Saturday, ẹni tó bá wù lè wá gun ọkọ̀. Wọ́n ní, "Wá fi ohun tó o kọ́ hàn wá." Mo ní inú ń run mí. Wọ́n ní á dá tá a bá débẹ̀.

Obìnrin tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ béèrè ta ló mọ̀ ọ́n wà nínú wa. Mummy mi tì mí síwájú. "My son. He is a captain." Obìnrin náà wò mí, bóyá ó fẹ́ rántí ibi tó ti rí mi, ó fún wa ní ọkọ̀ kékeré kan. Mummy mi wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lé ìró wọn. Auntie Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Auntie Òkè ní àwọn máa dúró lórí ilẹ̀, àwọn máa ya fídíò.

Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wa, ló bá gbé wa lọ wẹ́rẹ́. Mummy mi fọwọ́ kan omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Auntie Òkè ń pariwo "Captain wa!" létí adágún. Fún bí ìṣẹ́jú kan, èmi gan-an gbà pé mo mọ̀ ọ́n.

Ó wá tó àkókò láti yí padà. Bí wọ́n ṣe ń yí padà wà nínú ẹ̀kọ́ kẹta. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo lọ.

Mo fa okùn tí kò yẹ kí n fà. Ọ̀pá ìgbòkun yí, mo bẹ̀rẹ̀, Auntie Nọ́ọ̀sì ò bẹ̀rẹ̀. Ó gbá wọn lójú. Ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi rọ́ wọlé, Mummy mi di apá mi mú débi pé èékánná wọn wọ ara mi. Gèlè Auntie Nọ́ọ̀sì ti bọ́ sómi. Wọ́n fọwọ́ kan ìpéǹpéjú wọn, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ tó wà níka bí ẹni ń wo ti patient.

"Yí i padà," Mummy mi ní.

"Mummy..."

"Mo ní kó o yí i padà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ni o ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n wà. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ sí ní school mọ́." Mi ò mọ ohun tó mú mi fi ìyẹn kún un.

Wọn ò pariwo. Ó wù mí kí wọ́n pariwo. Gèlè yẹn léfòó díẹ̀, ó wúwo, ó rì, a jọ ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni Mummy mi sọ̀rọ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń bá àwọn arúgbó wọn sọ̀rọ̀. "Adágún lásán nìyí," wọ́n ní. "Òkun lò ń gbé wa lọ."

Obìnrin yẹn gbé ọkọ̀ onímọ́tò wá fà wá. Nígbà tá a gúnlẹ̀, Auntie Òkè ṣì ń ya fídíò, wọ́n rò pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mummy mi mú Auntie Nọ́ọ̀sì dání lọ sídìí bẹ́ǹṣì. Wọn ò wẹ̀yìn. "Lọ sọ fún Auntie Òkè. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Mo lọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀, mi ò fi àlá sílẹ̀, mi ò fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Auntie Òkè tẹ fóònù wọn pa.

"Lọ́jọ́ tí mo dá ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn, tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún ẹ, ṣé o ti mọ̀ nígbà yẹn pé o ò mọ̀ ọ́n wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ma."

"O jẹ́ kí n gòkè lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni ma."

Wọ́n mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye tí ọjà jẹ́ fún. Wọ́n fi fóònù sínú báàgì, wọ́n fa síìpù rẹ̀. Ọ̀nà etí omi ló yá jù lọ sílé wa, gbogbo wa la máa ń gbà á. Auntie Òkè kọrí sójú títì, níbi tí mọ́tò ti ń sáré, wọ́n kẹ̀yìn sí omi, wọ́n gba ibẹ̀ lọ.